Ilẹ̀kùn Kò Gba Ìyá Méjì

Ìkòkò àgbo tó wà lórí Alhaja Ràlíátù ni Fadérera kọ́kọ́ rí, kó tó rí Alhaja fúnra rẹ̀. Ìkòkò dúdú ọlọ́mọrí, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lọ́rùn bí ìyàwó tuntun. Ó ń bọ̀ lókè orí àwọn èrò, kò mì, kò wọ́, gbogbo ìlà sì ń yà fún un bí ìgbà tí ọba bá ń kọjá.

"Mo gbé!" ni Fadérera wí sínú ìbòmú rẹ̀. "Obìnrin yìí tún dé."

Obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. "Ta ló dé, ìyá?"

"Àna mi ni. Ìyá ọkọ ọmọ mi. Ẹ wo bó ṣe ń rìn, bí ẹni pé òun ló lóyún òkè yìí tó sì bí i."

Fèrè àkọ́kọ́ ti dún ní Òkè Ìtùnú láti àárọ̀. Bí èkejì bá dún, nígbà tí oòrùn bá sọ̀ kalẹ̀ dé orí odi omi, gbogbo ilẹ̀kùn ìlú ni yóò ti ara rẹ̀ pa, ó sì di ìgbà tí ibà òjò bá rékọjá kí wọ́n tó ṣí. Ẹni tí ilẹ̀kùn bá bá nínú ilé, ó ti di alájọmí ará ilé náà nìyẹn: wọ́n á jọ bọ́ ìbòmú, wọ́n á jọ jẹun, èémí wọn á di ọ̀kan. Ẹni tó bá bá níta, kó lọ wá ibòmíràn mí sí.

Ilé tí ọmọ tuntun bá wà nìkan ni òfin fi àyè kan lé fún: àyè ìyá ìwẹ̀. Àyè kan ṣoṣo, kò sí ọ̀kan ààbọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kò mọ ìyá ìyàwó yàtọ̀ sí ìyá ọkọ. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ń gbà wọlé. Bó bá ti gba ọ̀kan, ó di ògiri.

Fadérera mọ ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Ó ti dúró níwájú rẹ̀ rí, nígbà tí Ẹyinjú, ọmọ rẹ̀, bí àkọ́bí. Lọ́jọ́ náà, omi ti gbé afárá lọ, ọkọ̀ tó gbé e láti etí òkun pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì gun òkè náà tán, Alhaja ti wọlé. Ẹ̀yìn dígí ló ti ń wo obìnrin náà ní gbogbo ìgbà òjò yẹn. Ó ń wò ó bó ṣe ń da omi sí ọmọ lẹ́yìn, bó ṣe ń ká a lápá ká a lẹ́sẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ sókè tó ń hán an. Nígbà tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, ọmọ ti ní oríkì ará òkè: Àsàbí. Nígbà tí ọmọ náà sì mọ ìrìn, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, Fadérera na ọwọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn Alhaja, ó ní, "Màmá, ta nìyí?"

Òkun ti gbé ilé Fadérera lọ. Ó gbé àjà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja, ó gbé sàréè ọkọ rẹ̀. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òkun tó gbé ilé òun, ó mọ òun kó tó gbé e. Ọmọ ọmọ òun ló bi òun pé ta nìyí.

Títí di òní, "Ìyá Olómi" ni Àsàbí ń pè é. "Màmá" ni ti Alhaja.

"Ẹ kú ìdúró o, àna mi," ni Alhaja wí. Ó ti dé. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lókè ìbòmú.

"Ẹ kú ìrìn, Alhaja. Ẹ ò gbàgbé ọ̀nà."

"Ọ̀nà ilé ọmọ mi? Bí wọ́n bá di mí lójú, n ó débẹ̀."

"Ilé ọmọ yín ni, àbí ilé ọmọ mi?"

"Ṣé kì í ṣe ilé kan náà ni, Ìyá Ẹyinjú?"

"Ilé kan náà ni. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ náà, ọ̀kan ni."

Obìnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Alhaja náà rẹ́rìn-ín, ó sì tò síwájú Fadérera gan-an, nítorí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti yà fún un tó sì ti lọ sẹ́yìn. Ta ni kò ní yà? Ìyàwó olóògbé ọ̀gá odi omi ni. Ọkọ rẹ̀ ló dúró lórí odi náà títí ó fi kú, tó ń darí àwọn lébìrà tí ń kó òkúta dí ẹnu omi. Gbogbo ìlú ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

"Mo rò pé ẹ ó sinmi lọ́tẹ̀ yìí," ni Fadérera wí. "Ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́."

"Ìsinmi dà? Ẹyinjú tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ lára rẹ̀, tí kò lè bẹ̀rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ tó wà lórí odi, tó ti di alájọmí àwọn lébìrà? Ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ ló yẹ kó wọ ibẹ̀."

"Èmi ò mọ ọmọ wẹ̀?"

"N ò wí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin ará omi, ẹ mọ ẹja wẹ̀, ẹ̀rí wà fún un."

"Ẹja tí mo wẹ̀ ló tọ́ ìyàwó tí ọmọ yín wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ."

"Háà!" ni ìlà dáhùn. Àwọn èèyàn ti gbàgbé oòrùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Fadérera lára. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ gan-an, kì í ṣe ẹnu Alhaja. Ní àná, ó pe Ẹyinjú lórí ẹ̀rọ, ó ní, "Sọ ọ́ jáde kí gbogbo wọn gbọ́, sọ pé ìyá rẹ lo fẹ́." Ẹyinjú ní, "Màámi, ẹ má jẹ́ kí n yàn. Ẹ bá ara yín sọ ọ́." Fadérera kò sùn. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ ti gbẹ mọ́ egungun.

Iwájú ìlà ni Imú wà. Irin ni, ó ga tó ènìyàn, ihò méjì rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ẹnu. Ènìyàn á bọ́ ìbòmú, á mí sí i, òun náà á fà á símú. Bí èémí bá mọ́, á kùn bí ológbò tó yó. Bí ó bá gbọ́ òórùn ibà níbẹ̀, á sín.

Ọkùnrin kan mí sí i. *Hẹ̀ẹ̀-ṣín!*

"Ẹ yà sọ́tùn-ún, bàbá," ni Títílọpẹ́ oníbodè wí. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ kan ni, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. "Ilé Ìdákẹ́."

"Ata ni mo jẹ o! Mo fi ìyá mi búra!"

"Gbogbo yín lẹ máa ń jẹ ata. Ẹ yà."

Ọkùnrin náà yà. Imú kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí i. Ilé Ìdákẹ́ ló kù fún un títí òjò yóò fi tán, yàrá kan, ẹnì kan, fèrèsé kan.

Nígbà náà ni ọwọ́ Fadérera lọ sí ìdí ìró rẹ̀. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ mú un dání. Irọ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un dání.

Orógbó èéfín ni. Ní etí òkun, bí wọ́n bá ń yan ẹja, wọ́n a máa da orógbó sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n a gbé e sókè àjà lórí èéfín títí á fi dúdú, tí òórùn rẹ̀ á máa gún imú. Àwọn apẹja ń jẹ ẹ́ kí òtútù má bàa mú wọn lójú omi. Ṣùgbọ́n Imú kò mọ̀ ọ́n. Bó bá ti kan èéfín yẹn lẹ́nu ènìyàn, ibà ló ń pè é. Kò sí ọmọ etí òkun tí kò mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ orógbó èéfín lọ síwájú Imú. Àwọn ará òkè ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Fadérera rò.

Ó tú ìdí ìró. Ohun tó bá ní èèpo nìkan ni òfin gbà kí ènìyàn fi fún ẹlòmíràn níta, orógbó sì ní èèpo. Àna kì í sì kọ ohun tí àna bá fi lọ̀ ọ́, àní bó jẹ́ òkúta.

"Àna mi," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn, "ẹ fi èyí sẹ́nu. Ìdúró yìí ti pọ̀ jù fún àgbà."

Alhaja wo orógbó náà. Ó wo Fadérera. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ ò ní tọrọ jẹ."

Ó gbà á tọwọ́ méjèèjì, ó fi èékánná bó o. Fadérera ti ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ìsín náà létí. Ó ti rí ara rẹ̀ nínú ilé, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Alhaja sì wà lẹ́yìn dígí. Kí òun náà wo dígí díẹ̀!

Alhaja yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń gé ewé àgbo. Ó la orógbó náà sí méjì.

"Ẹ gbà."

"Kí ni?"

"Apá tiyín. Ẹ̀yin lẹ mú un wá, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbí òkun gbé àṣà lọ mọ́ ilẹ̀ ni?"

Láti ìgbà tí Fadérera ti ń ro ète yìí, ó ti ro Imú, ó ti ro òfin, ó ti ro ilẹ̀kùn. Àṣà tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n rìn ni kò rò: ẹni tó bá fún àna ní ohun ẹnu ni í kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kí ọkàn àna lè balẹ̀.

"Mo ti jẹ tèmi nílé, Alhaja."

"Ti ilé kò kan ti àna."

"Ẹ gbà á o, ìyá!" ni obìnrin ẹ̀yìn kígbe. "Àbí kí ló wà níbẹ̀?"

Títílọpẹ́ oníbodè dá abẹ̀bẹ̀ dúró. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ di ti òfin. Ẹni tó bá fẹ́ tan Imú jẹ, ilé tó ń lọ ni wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní sí ìyá ìwẹ̀ kankan. Wọ́n á wá gbé ọmọ tuntun náà lọ sí Ilé Ọmọ ti ìjọba, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wẹ ọmọ, tí ọwọ́ irin ń gbé wọn wọnú omi bí ẹni gbé iṣu. Ọmọ á padà dé nígbà tí òjò bá tán, á mọ́ tónítóní, kò ní mọ òórùn ẹnikẹ́ni.

Fadérera gba apá tirẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí fèrèsé Ẹyinjú lókè ọ̀nà, lẹ́yìn Imú. Àsàbí ti gun orí àga níbẹ̀, ó ń ju ọwọ́.

"Màmá! Màmá!"

Alhaja ló ń pè.

Owú ru bo Fadérera lójú bí omi òkun. *Kí á jọ jẹ ẹ́,* ni ọkàn rẹ̀ wí. *Kí ó sín fún èmi, kí ó sín fún un. Bí n kò bá wọlé, kí òun náà má wọlé. Kí ọmọ yẹn wá ẹlòmíràn pè ní Màmá.* Ó dùn mọ́ ọn. Mo ní ó dùn mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fún ara wa. Adùn rẹ̀ ju oyin lọ.

Ìgbà náà ni Ẹyinjú yọ lẹ́yìn Àsàbí. Ọmọ tuntun ń ké nínú ibùsùn rẹ̀; dígí kò jẹ́ kí igbe náà jáde, ṣùgbọ́n Fadérera rí ẹnu rẹ̀ tó là gbàgà. Ẹyinjú fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ó tẹ̀, ó fọwọ́ di ojú abẹ mú, ó na ara padà, ó fi orí ti ògiri. Ó tún tẹ̀. Kò lè gbé e.

Fadérera sún ìbòmú sókè, ó ju apá tirẹ̀ sẹ́nu. Ó rún un. Alhaja gbé tirẹ̀ lọ sẹ́nu, kò yára, kò sì lọ́ra.

Fadérera nawọ́, ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlà pariwo. Ta ló ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ àna? Ó ju ìyẹn náà sẹ́nu, ó rún un kùrùmù-kùrùmù títí ojú rẹ̀ fi ṣomi.

"Ẹ má bínú, Alhaja," ló wí. "Orógbó yìí ló dùn jù. N kò lè fún ẹlòmíràn jẹ."

"Wọ̀bìà!" ni obìnrin ẹ̀yìn wí. "Ó fún èèyàn tán, ó tún gbà á!"

"Ará omi," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Ebi ti pa wọ́n jù lórí ọkọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ìka. Fadérera, tí kò tẹ́ rí ní ọjà tàbí nínú ilé, dúró, ó gbé ẹ̀rín náà mì pọ̀ mọ́ orógbó. Títílọpẹ́ mi orí, ó padà sí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Alhaja mí sí Imú. Imú kùn bí ológbò. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó gòkè lọ, kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn Ẹyinjú, ilẹ̀kùn gbà á.

Fadérera bọ́ ìbòmú, ó mí.

*Hẹ̀ẹ̀-ṣín!*

"Ẹ yà sọ́tùn-ún, ìyá. Ata lẹ jẹ?"

"Rárá," ni Fadérera wí. "Owú ni."

Títílọpẹ́ rò pé àpárá ni.

Fèrè kejì ti dún nígbà tí wọ́n fi Fadérera sí yàrá rẹ̀ ní Ilé Ìdákẹ́. Oòrùn jókòó lórí odi omi, ó pọ́n bí epo. Dígí ìpè wà lára ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú ilé Ẹyinjú sì yọ sínú rẹ̀. Alhaja jókòó lórí àpótí, kò wọ ìbòmú, ọmọ tuntun wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹyinjú ti sùn. Àsàbí ń gbé kànìnkàn dání.

"Omi yẹn ti gbóná jù," ni Fadérera wí. Kò kí i.

"Ẹ káalẹ́ o, àna mi. Dígí ti ń mọ omi gbígbóná báyìí?"

"Mo rí ooru rẹ̀."

"Ẹ fojú rí ooru? Èmi, imú ni mo fi ń mọ nǹkan." Alhaja da omi sí ọmọ lẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. "Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í, ó pẹ́ lórí odi yẹn. Àwọn ọ̀lẹ tí kò fẹ́ gbé òkúta, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń jẹ kí Imú lè sín fún wọn, kí wọ́n lè lọ sùn ní Ilé Ìdákẹ́? Àwọn ọmọ etí òkun ló kọ́ wọn. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ọkọ mi. Mo mọ òórùn yẹn."

Fadérera jókòó sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti tú ìdí ìró."

"Kí ló dé tí ẹ ò pariwo?"

"Kí wọ́n wá gbé ọmọ lọ?" Alhaja yí ọmọ padà, ó ká a lápá. "Mo ní kí n wo bóyá ẹ ó jẹ́ kí n jẹ ẹ́."

"Bí n kò bá já a gbà ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ì bá yọ̀, ì bá bọ́ sílẹ̀. Àgbà ni mí. Ọwọ́ àgbà ń gbọ̀n. Ṣé ẹ rò pé n ó fi ìwẹ̀ ọmọ ṣòfò nítorí orógbó?"

Gbogbo ohun tí Fadérera ṣe, ẹ̀gàn tó gbé mì níwájú ìlú, kò sí èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Obìnrin yìí mọ ọmọ wẹ̀ jù ú lọ, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ, àní ìkà tí Fadérera fẹ́ hù, ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó hù ú. Owú tún gbé orí sókè láyà rẹ̀, ó ń gbọn etí bí ajá tó jí.

Alhaja fi aṣọ nu ọmọ náà, ó gbé e súnmọ́ dígí. Obìnrin ni. Imú rẹ̀, imú ìyá Fadérera ni, tó dúró gbọn-in.

"Ti àkọ́kọ́, àwa òkè la sọ ọ́," ni Alhaja wí. "Èyí kò tíì ní oríkì. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́nu yín, tàbí orógbó ṣì wà níbẹ̀?"

Fadérera gbé ojú sún mọ́ dígí.

"Àjíún," ló wí. "Àjíún, ọmọ a-jí-bómi-mulẹ̀, ọmọ ọ̀sà tí kò kọ ọkọ̀, ọmọ omi tó gbé ilé tí kò gbé orúkọ."

Ọmọ náà yí ojú sí ibi tí ohùn ti ń wá.

"Àjíún," ni Alhaja wí sí i létí. "Ọmọ a-jí-mumi-ìmulẹ̀, ọmọ ọ̀sà tí kò l'ọ́kọ̀…"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" ni Fadérera ké. Ó ti dìde. "Tí kò *kọ* ọkọ̀! Ta ló ní a kò lọ́kọ̀? Ẹ fẹ́ sọ ọmọ di òtòṣì?"

"Ẹ má bínú. Ọmọ ọ̀sà tí kò kọ ọkọ̀, ọmọ omi tó gbé… tó gbé kí ni?"

"Ó ń ṣì í, Ìyá Olómi," ni Àsàbí wí, ó ti sún mọ́ dígí. "Màmá ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ ọ."

Fadérera tún ìró rẹ̀ ró. Ó fa àga rẹ̀ wá síwájú dígí, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Alhaja," ló wí. "Ẹ la ẹnu dáadáa."

Alhaja bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, kò ṣì í níbì kan. Fadérera gbọ́ ọ.

"Kò tíì dára," ló wí. "Ẹ tún un pè."